ECOWAS: Ta ló ń mójú tó òṣìṣẹ́ tó ré bodè kọjá?

Àwọn àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ọ̀fà àti Ìlọrin kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà ni ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia ní orílẹ̀-èdè Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, fún ẹni tó ti ń tajà ní Kumasi tàbí Tamale láti ogún ọdún! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn kò fi ojú kan ilé bàbá wọn rí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gba Tógò àti Dahomey, èyí tó ń jẹ́ orílẹ̀-èdè Benin lónìí, padà wá sílé.

Ìtàn náà ní apá kejì tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni àṣẹ náà bá. Àwọn lébìrà tó ń ro oko kòkó, tí wọ́n wá láti Tógò, láti Niger, àti láti Upper Volta tó ń jẹ́ Burkina Faso báyìí, náà di ẹrù wọn. Kò pẹ́ rárá tí àwọn olóko kòkó Gánà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbàjarè pé àwọn kò rí ẹni tí yóò bá àwọn ro oko. Ìjọba tó lé àlejò ti gbàgbé láti kọ́kọ́ bèèrè irú iṣẹ́ tí àlejò náà ń ṣe àti ẹni tí yóò gba iṣẹ́ ọ̀hún ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlá àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kan Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ nìkan ni wọ́n fún ní àyè díẹ̀ sí i, títí di ìparí oṣù kejì. Iye àwọn tí wọ́n fojú bù pé wọ́n lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, àwọn ọmọ Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì alápótí-alápótí tí wọ́n fi kó ẹrù nígbà náà ni gbogbo ayé ń pè ní “Ghana Must Go” títí di òní olónìí. Bodè Gánà fúnra rẹ̀ wà ní títì láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, nítorí náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló há sí Benin àti Tógò, nínú oòrùn, kí ìjọba Rawlings tó ṣí i fún wọn.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí Yorùbá wà, ìgbà yẹn gan-an ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979 mú kí ilé ẹ̀kọ́ girama kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ abúlé ló jẹ́ pé tíṣà ọmọ Gánà ló ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, tí wọ́n ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí, ṣì ń rántí orúkọ wọn. Yálà ẹ̀rù ló lé tíṣà bẹ́ẹ̀ lọ tàbí àṣẹ ìjọba, àlàfo tó fi sílẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìkéde orí rédíò lè dí.

Ohun tó yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, àjọ ECOWAS ti lé ní ọdún méje tó ti wà. Ìlú Èkó gan-an ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1975, lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ti lọ káàkiri láti yí àwọn yòókù lérò padà. Orílẹ̀-èdè 15 ló fọwọ́ sí ìwé náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, wọ́n pé jọ sí Dakar, wọ́n sì fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: kí ènìyàn lè wọlé, kí ó lè máa gbé ibẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ó lè dá okòwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn ènìyàn ní 1983, tó sì tún lé òmíràn ní 1985.

Ọdún 1986 ni wọ́n tó kọ ìpele kejì, èyí tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìwé yẹn yóò rí ojú àpá 1969 àti 1983 nínú rẹ̀. Ó sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó gbọdọ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ àlejò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ mọ́; ẹjọ́ olúkúlùkù ni kí wọ́n dá lọ́tọ̀. Ó dárúkọ òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní ìhín bodè tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀hún. Ó dárúkọ èyí tó ń lọ ní àkókò ìkórè tó sì ń padà sílé. Ó dárúkọ èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé láti ìlú dé ìlú. Ìwé tó dára ni. Àmọ́ ó yọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, àfi bí òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá gbà á láàyè. Ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìjọba ló ń gba àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì tó pọ̀ jù síṣẹ́, ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Àáró tí kò ní ẹni tó ń ka ọjọ́

Àwọn àgbẹ̀ mọ àáró dáadáa. Bí ọkùnrin márùn-ún bá pa àáró pọ̀, wọ́n mọ oko ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ dé. Wọ́n mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá níbi ebè kíkọ àti ẹni tó jẹ́ pé ìgbẹ́ ṣíṣán ló mọ̀ jù. Ọmọ tí kò tíì gbọ́n lóko, wọ́n á fi ti àgbà kan kó lè kọ́ ọ. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n ní ọjọ́ kan, bí ẹnì kan bá sì dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n mọ bí wọn yóò ti ṣe oko rẹ̀. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń pè ní ìṣàkóso òṣìṣẹ́ lónìí, tí wọ́n ń yan odidi ọ̀gá lé lórí, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí lọ: ká mọ iye òṣìṣẹ́ tó wà, ká mọ ohun tí olúkúlùkù lè ṣe, ká kọ́ ẹni tí kò mọ̀, ká fi ẹni tó mọ̀ sí ibi tó yẹ ẹ́, ká san owó rẹ̀ bó ṣe tọ́, ká sì rí i pé ẹni tó ṣiṣẹ́ títí agbára fi tán kò fi ọwọ́ lásán lọ sílé.

ECOWAS pa àáró orílẹ̀-èdè 15, ṣùgbọ́n kò yan ẹni tí yóò máa ka ọjọ́. Owó orí ọjà, owó kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ máa pè ní Eco, àti ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ń gbàjọba, ìwọ̀nyí ló ń gba iwájú ní ọ̀pọ̀ ìpàdé àwọn olórí. Bẹ́ẹ̀, bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè méjì bá máa pa pọ̀ di ọ̀kan, ènìyàn ni yóò gbé e láti ìhín lọ sí ọ̀hún. Irin kì í sọdá bodè fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gààrí kò ní ẹsẹ̀.

Ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní

Ká má parọ́, àwọn kan ti rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àjọ WAEC tó ń ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ti wà láti ọdún 1952, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ECOWAS. Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gambia àti Liberia ló jọ ni ín, Accra sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọmọ tó ṣe ìdánwò náà ní Freetown lè mú èsì rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ni èyí. Àwọn dókítà náà ní West African College of Surgeons àti West African College of Physicians, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Èkó. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò wọn, wọ́n ti mọ irú ẹni tó jẹ́ láti Banjul dé Calabar. Àwọn oníṣirò owó dá ẹgbẹ́ tiwọn, ABWA, sílẹ̀ ní ọdún 1982, wọ́n sì ní ìdánwò kan tí àwọn ọ̀dọ́ wọn ń ṣe ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ní ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ́n tún lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn oníṣirò owó àti àwọn ayàwòrán ilé fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 2011 pé ìwé ẹ̀rí ẹnì kan ní orílẹ̀-èdè kan yóò níyì ní èkejì, àwọn ẹnjiníà sì tẹ̀lé wọn ní 2012.

Àmọ́ ẹ wo irú ẹni tí ètò wọ̀nyí wà fún. Dókítà, ẹnjiníà, oníṣirò owó. Iye wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ wọn so Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn wo nìyẹn? Ìyá tó ń gbé ọjà láti Kútọnu wá sí Èkó. Ọmọ Niger tó ń ṣe mẹ́gàdì tàbí mẹ́ruwà nílùú Yorùbá. Ọmọ Burkina Faso tó ń ká kòkó ní Ivory Coast, orílẹ̀-èdè tí kòkó rẹ̀ pọ̀ jù lágbàáyé. Àwọn tó ń rìn jù nínú ìṣọ̀kan yìí gan-an ni kò ní ẹgbẹ́ tó ń jẹ́rìí wọn, tí kò sì sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó ń lẹ táìlì sílẹ̀ ilé fún àpẹẹrẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́lé ní Èkó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń wá ọmọ Tógò tàbí ọmọ Benin láti lẹ táìlì tàbí láti rẹ́ ilé. Wọ́n ní ọwọ́ wọn mọ́, wọ́n ní wọn kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó mọ iṣẹ́ kan náà ń kùn pé àjèjì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Nílẹ̀ Benin, ìjọba ti so ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tún máa ń lọ sí ibi ẹ̀kọ́, yóò sì ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní CQP tàbí CQM, tí ìjọba fọwọ́ sí. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ yóò sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn yóò pa adìyẹ, wọn yóò gbàdúrà, ọ̀gá yóò sì fún un ní ìwé òmìnira tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í sábà lágbára ju agbègbè ẹgbẹ́ náà lọ. Bó bá dé Kútọnu, bébà lásán ni.

Nàìjíríà ní ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba tí wọ́n ń pè ní Trade Test, ó sì ní àjọ NABTEB tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Gánà ní àjọ tirẹ̀ tó ń mójú tó ìkọ́ṣẹ́. Gbogbo irin iṣẹ́ náà wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan jókòó, kó gbé ìwọ̀n oníkálukú sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó sì sọ pé èyí dọ́gba pẹ̀lú èyí. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pariwo, kò sì sí olórí tí yóò gé rìbọ́ǹ fún un, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi yá wọn lára.

Bí a kò bá sì mójú tó ìwé ẹ̀rí, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ hàn gbangba ní ọdún 2024. Láti ọdún 2003 ni ECOWAS ti ní àdéhùn pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa gba ìwé ẹ̀rí ara wọn. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan gbé ìròyìn jáde pé òun gba oyè yunifásítì láti orílẹ̀-èdè Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ó sì tún lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ dúró lórí yíyẹ ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò wò àti gbígbà wọ́n wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman tó jẹ́ mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní 22,700 ló ní ayédèrú ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ẹni tó ra ìwé mọ̀ pé òun rà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni ọmọ tó lọ kàwé ní tòótọ́ ní Abomey-Calavi tàbí ní Lomé, tó kọ́ èdè Faransé, tó sì padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ tí Nàìjíríà nílò láti fi bá aládùúgbò ṣòwò. Lójijì, ojú olè ni wọ́n fi ń wo òun náà. Ká ní àjọ kan wà ní Abuja tàbí ní Lomé tó ń ka orúkọ yunifásítì kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ẹni tó jáde níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìbá gba ènìyàn láti mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Kò sí ìdí láti ti ilẹ̀kùn mọ́ orílẹ̀-èdè méjì.

Ṣọ́ọ̀bù ní Accra, ọkọ̀ láti Èjìgbò

Ìpele kẹta àdéhùn ọdún 1979, èyí tó ní kí ènìyàn lè dá okòwò sílẹ̀, ló ń fa wàhálà jù. Ní ọdún 2013, Gánà ṣe òfin kan lórí ìdókòwò. Òfin náà sọ pé àjèjì kò gbọ́dọ̀ tajà wẹ́wẹ́ nínú ọjà, ẹni tó bá sì fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ọjà títà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ó kéré tán 20 ọmọ Gánà síṣẹ́. Mílíọ̀nù kan dọ́là, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò! Ní 2019 àti 2020, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti Accra. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Ọnọrébù Femi Gbàjàbíàmílà, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré nígbà náà, lọ bá àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Accra ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde ní Accra pẹ̀lú igbe pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ, kí Ààrẹ John Mahama tó fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ pé ìjọba òun kò ní lé ẹnikẹ́ni.

Nàìjíríà náà kò mọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon ti Benin jọ ṣí ilé bodè tuntun ní Sèmè-Kraké, níbi tí òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n orílẹ̀-èdè méjèèjì yóò ti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti àwọn bodè orí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì ṣí wọn títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn oníṣòwò Gánà tí ọjà wọn jẹrà sínú ọkọ̀ ní Sèmè kò tíì gbàgbé, èyí sì wà lára ohun tó mú kí inú wọn máa ru nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìṣọ̀kan ọrọ̀ ajé tí kò dúró de ìjọba, kó lọ sí Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọkọ̀ ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Abidjan tààrà, ó ń gba Benin, Tógò àti Gánà kọjá. Owó CFA kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni èdè Faransé kì í ṣe àjèjì lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń lọ, wọ́n ti ń bọ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba Ivory Coast bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àwọn ọmọ ECOWAS, títí wọ́n fi fagi lé e ní ọdún 2007. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2002 lé ọ̀pọ̀ padà wálé, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tún padà lọ. Ilé tí wọ́n fi owó Abidjan kọ́ pọ̀ ní Èjìgbò. Ohun tí wọn kì í sábà mú bọ̀ láti ibẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì.

Ìyẹn náà sì jẹ́ ìbéèrè tí àwọn àgbà lóye ju ọ̀dọ́ lọ. Ní Gánà, ẹni tí kò bá san owó ìfẹ̀yìntì fún oṣù 180, èyí tí í ṣe ọdún 15, kò lè gba owó oṣooṣù. Wọn yóò kó ohun tó ti san fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fi ọdún méjìlá ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Accra, tó tún wá ṣe ọdún mẹ́wàá ní Èkó, ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún. Síbẹ̀, ní ojú ìwé, òṣìṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ pẹ́ tó. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé dá àjọ CIPRES sílẹ̀ ní ọdún 1993, Lomé ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, láti lè máa ṣètò irú nǹkan báyìí láàárín ara wọn. Nàìjíríà àti Gánà kò sí nínú rẹ̀. ECOWAS ní ìwé àdéhùn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ìwé àdéhùn kì í san owó. Ọ́fíìsì tó bá mọ orúkọ ènìyàn, tó sì mọ iye oṣù tó fi ṣiṣẹ́, ló lè san án. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó ń ká kòkó tàbí tó ń lẹ táìlì, ìbéèrè owó ìfẹ̀yìntì kò tilẹ̀ tíì dìde, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń kà á mọ́ òṣìṣẹ́.

Ohun kan wà tó lè ran èyí lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 2014, àwọn olórí ECOWAS pinnu láti máa lo káàdì ìdánimọ̀ kan náà, Senegal ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọdún 2016. Títí di báyìí, bodè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé káàdì náà wà fún. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ lè di nọ́ńbà òṣìṣẹ́, tí yóò máa tẹ̀lé ènìyàn láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè.

Nígbà tí mẹ́ta jáde nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

ECOWAS fúnra rẹ̀ náà ní òṣìṣẹ́ láti ṣàkóso, kò sì rọrùn fún un. Èdè mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní olú ilé iṣẹ́ wọn ní Abuja: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fẹ́ kí ipò kan kan òun. Nígbà kan, àwọn kọmíṣọ́nnà wọn di 15 kí gbogbo ọmọ ilé lè rí tiwọn jẹ. Ní ọdún 2022, wọ́n dín wọn kù sí méje, Ọ̀mọ̀wé Omar Touray láti Gambia sì di ààrẹ àjọ náà. Dídín wọn kù yẹn dára. Owó àjọ náà ń ti ara owó orí ọjà tó ń wọlé láti òkèèrè wá, ìyẹn ìdajì náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà ọjà, àwọn ará ọjà ló sì ń san án láìmọ̀.

Ìdánwò tó le jù dé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nígbà tí Màlì, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú àjọ náà pátápátá, tó sì ku orílẹ̀-èdè 12. Lọ́jọ́ náà, ECOWAS gbé ìkéde jáde pé kí àwọn tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà tó ní àmì ECOWAS lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa wọlé láìgba físà bíi ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa ran àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà tó wá láti ibẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn, títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀. Ó yẹ kí wọ́n yìn wọ́n fún èyí. Ó jọ pé ẹnì kan rántí 1969.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Burkina Faso àti Ivory Coast ṣì jọ wà nínú ẹgbẹ́ UEMOA tó ń ná owó CFA, nítorí náà lébìrà oko kòkó ṣì ní òfin mìíràn tó lè dì mú. Niger àti Nàìjíríà kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn. Mẹ́gàdì tó ti ń ṣọ́lé fún ọdún mẹ́wàá ní Ìbàdàn, ìkéde ọjọ́ kan yẹn ló ń dúró lé, ìkéde tí wọ́n sì lè yí padà ní ọjọ́ mìíràn. Àjọ ECOWAS tó ń rí sí ètò ìlera, WAHO, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí yóò ṣe dọ́gba jákèjádò agbègbè yìí, Bobo-Dioulasso ni wọ́n kọ́ olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí, ní Burkina Faso, orílẹ̀-èdè tó jáde.

Iṣẹ́ tó wà níwájú báyìí ni títì márosẹ̀ láti Èkó dé Abidjan, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1,028, tí Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Ivory Coast fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọdún 2014. Àwọn awakọ̀ katapílà, àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń di irin àti àwọn tó ń po kọnkéré yóò wá láti orílẹ̀-èdè márààrún. Wẹ́dà tó gba CQM ní Kútọnu yóò fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Badagry, ẹni tó ṣe Trade Test ní Èkó yóò sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Aflao. Kí katapílà àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀, ó yẹ kí àwọn mínísítà ètò iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè márààrún ti jókòó sórí ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò gbà, iye tí wọn yóò san, àti ibi tí wọn yóò máa kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí.